Ta ni ẹ fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́? Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùdarí ilé ìwádìí wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùdarí ilé ìwádìí láti Ìbàdàn dé Yábàá, láti Ìdí-Ayùnrẹ́ dé Ẹdẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́,

Iṣẹ́ ICT ni mo fi ń jẹun, ilé ìwádìí ni mo sì ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀ bí ẹni tó ń wáṣẹ́, mo sì ti jókòó láàárín ìgbìmọ̀ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ní ìhà méjèèjì ló mú mi gbé kálàmù.

Ìpolówó iṣẹ́ kan wà tí ẹ máa ń gbé jáde: ẹ ń wá òṣìṣẹ́ ICT tí yóò máa ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Ẹ máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé onítọ̀hún kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ, kó ti ní ìrírí ọdún márùn-ún, kó ní oyè yunifásítì, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kó sì nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rere tí ilé ìwádìí yín ń ṣe fún aráyé. Iye owó oṣù kì í sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti bá yín sọ. Ẹni tí ẹ ń wá yìí ni ẹ fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé lọ́wọ́, àmọ́ bí ẹ ṣe ń wá a kò jọ ti ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ilé náà. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1967, irúgbìn ẹ̀wà tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù lé ní oríṣi 15,000. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí wọ́n ti kó ẹ̀wà jọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àpò kan níbẹ̀, èso ẹ̀wà lásán ló máa rí. Ìlú tí wọ́n ti mú un wá, ọdún tí wọ́n mú un, kòkòrò tó lè fara dà, bóyá ó ṣì lè hù, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìyẹn wà. Bí àkọsílẹ̀ yẹn bá sọnù, ẹ̀wà á kù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó yẹ kó mú fún àgbẹ̀.

Ẹ rántí Ìdíkàn náà. Ní 1992, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láàárín àwọn arúgbó Ìdíkàn, n'Ìbàdàn yìí kan náà. Wọ́n fẹ́ mọ bí àrùn ìgbàgbé ṣe ń ṣe àwọn Yorùbá sí, kí wọ́n fi wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Ní 2001, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó Ìbàdàn, àwọn tí àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún jẹ́ 1.35, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń tọ́ka sí iye méjèèjì yẹn títí dòní. Ibi tó ti wá ni ẹnu ìyá àgbà tó jókòó sílé rẹ̀, tó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ rí bi òun léèrè ohun tí òun rántí àti èyí tí òun gbàgbé. Kò sí arúgbó tó máa gbà bẹ́ẹ̀ bí kò bá dá a lójú pé àṣírí òun kò ní di ọ̀rọ̀ ìta. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo olùwádìí ń ṣe fún ará ìlú, Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Ẹni tó ń bá olùwádìí mú ìlérí náà ṣẹ lónìí ni ọmọ ICT tó ń pinnu ẹni tó lè ṣí fáìlì àti ẹni tí kò lè ṣí i.

Ní oṣù Kẹta 2020, ilé ìwádìí ACEGID tó wà ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ka àbùdá kòkòrò kòrónà tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e wọ Nàìjíríà. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ayé sì rí àbọ̀ rẹ̀. A mọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi tó ṣáájú iṣẹ́ náà, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè kúrò lójú kan bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá kú, bí àyè bá tán lórí sáfà, tàbí bí iná bá lọ tí UPS kò sì gbà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Kyoto, ní ilẹ̀ Jàpáánù, ní oṣù Kejìlá 2021, ó yẹ kí gbogbo olùdarí kà á kó tó gba òṣìṣẹ́ ICT mìíràn. Kò sí ọlọ́ṣà kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùwádìí ń kó iṣẹ́ wọn sí, ètò kan sì ń bá wọn ṣe ẹ̀dà àpamọ́ fáìlì wọn. Ilé-iṣẹ́ HPE tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà tún ètò yẹn kọ, kó lè máa nu àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ kúrò. Wọ́n fi èyí tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ètò náà dàrú mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣí kúrò lórí àkọsílẹ̀ àtijọ́, ó wá ń nu fáìlì àwọn olùwádìí. Kí wọ́n tó mọ̀, nǹkan bíi fáìlì mílíọ̀nù 34 ti lọ, 77 terabyte, ti ẹgbẹ́ olùwádìí 14. Ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú wọn kò rí tiwọn gbà padà láti inú àpamọ́. HPE gbà pé ẹ̀bi àwọn ni pátápátá. Ó dára tí wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá fáìlì kankan padà.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn kì í ṣe òpè. Ìwé ẹ̀rí wọn á ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹnì kan tó máa dúró, tó máa béèrè kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì pé: "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ báyìí?"

Ti Ilé Ìkàwé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, British Library, ní oṣù Kẹwàá 2023, ọlọ́ṣà ló fà á. Àwọn tó ń pe ara wọn ní Rhysida wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé, wọ́n ní kó sanwó. Ilé ìkàwé náà kọ̀, àwọn ọlọ́ṣà sì tú nǹkan bíi 600 gigabyte síta. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí fi ń wá ibẹ̀ tí wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo. Mo yin àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gan-an, nítorí pé ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé kà, títí kan ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó: ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìta ń gbà wọlé, tí páásíwọ̀ọ̀dù nìkan ń dáàbò bò, àti àwọn ẹ̀rọ tó ti gbó tí kò rọrùn láti tún gbé dìde. Nínú ilé ìwádìí wa, mo mọ ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ẹni tó yẹ kí ẹ máa wá hàn yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ wa, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ fi máa gbà á, láptọ́ọ̀pù ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan kọ̀, kò tàn dé ibi tó yẹ. Ó gbé àkọlé kan wá, ó ń béèrè bóyá kí òun tún ara òun tò látìbẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá ké pe ICT. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ló lọ, HND ló ní, mo sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan."

"Ọmọ mi, ó ní kí n tẹ Reset. Mo sì ní ìpàdé ní aago mẹ́ta."

"Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́, Mà. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe lórí rẹ̀ kí iná tó lọ?"

"Ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó wá láti oko lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ṣé ó wà níbòmíràn?"

Màmá ronú díẹ̀. "Á ṣì wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ ọ́ lóko."

"Ẹ bá mi pe ẹni tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mà. Kó má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀ títí a fi máa padà pè é."

Wọ́n pè é. Ẹni náà ní ó kù díẹ̀ kí òun nù ún, torí wọ́n fẹ́ lò ó ní oko mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ọmọkùnrin náà yọ hard disk inú láptọ́ọ̀pù, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ó da gbogbo fáìlì kọ. Kò sọ pé ó ti parí. Ó ní kí Màmá fúnra wọn ṣí i, kí wọ́n wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà tó kẹ́yìn bóyá ó pé. Ìgbà tí Màmá ní ó pé ló tó padà sórí láptọ́ọ̀pù tó ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan lóko, òjò àti oòrùn lórí àwọn tó wú ẹ̀gẹ́ náà tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, ìyẹn ló wà nínú fáìlì kan tí ìka kan ìbá ti pa rẹ́.

Ẹ wá bi ara yín: nínú ohun tí ẹ kọ sínú ìpolówó yín, èwo ló máa fi ọmọ yẹn hàn yín?

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ kan rí, n kò ní í dárúkọ ilé ìwádìí náà. A ní kí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ka ìpele méjèèje tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pín sí, ó sì kà á geere. A wá bi í pé, bí olùwádìí bá pè é lóru pé fírísà tí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀ kò fi ìwọ̀n òtútù rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́, kí ló máa ṣe? Ó ní òun á wá láàárọ̀ láti wo kọ̀ǹpútà tó ń gba ìròyìn náà. Ọmọbìnrin tó wọlé tẹ̀ lé e kò rántí ìpele karùn-ún. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ fírísà, ó ní òun á kọ́kọ́ pe ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé pé kó lọ fojú ara rẹ̀ wo fírísà náà bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ ló ṣe pàtàkì, kọ̀ǹpútà lè dúró. Ìwé máàkì tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú kò ní àyè fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n gbà. Mo sọ tèmi nínú yàrá yẹn, àwọn tó kù sì pọ̀ jù mí lọ.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tó bàjẹ́ síwájú ẹni tó wá gba iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùwádìí kan jókòó tì í, kó máa kánjú, kí inú máa bí i díẹ̀, bí olùwádìí àti àwa ICT ṣe máa ń bá ara wa fà á. Ẹ wo bóyá á béèrè ọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ wo bó ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nígbà tí àgbà náà ń ṣi nǹkan ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà á fi lóye. Ìdajì wákàtí tó fún un.

Ẹ máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ara yín, wọ́n á sì dá a padà fún yín: ebi, òṣì, àyípadà ojú ọjọ́, ọjọ́ ọ̀la Áfíríkà. Ẹ má bínú sí wọn, ìbéèrè yín ló fà á. Ẹ bi wọ́n pé, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa bá kú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ tàbí aláìsàn tí a torí rẹ̀ wà níbí? Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà jẹ lógún á ní nǹkan sọ, kódà bó bá ṣi orúkọ irúgbìn pè.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, a ti pariwo títí lórí ìyàtọ̀ tí wọ́n ń ṣe láàárín HND àti oyè yunifásítì. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin kan lórí rẹ̀ ní 2021. Ẹ̀yin ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣòfin fún yín kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò nínú ìpolówó iṣẹ́ ICT, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ pólì ló ti tú ẹ̀rọ tó sì ti tò ó padà kí wọ́n tó jáde ilé ìwé. Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹni tó pẹ́ jáde torí ìyẹn, tó sìnlú, tó wá iṣẹ́ títí, níbo ló ti fẹ́ rí ìrírí ọdún márùn-ún kó tó pé ọgbọ̀n ọdún? Ìdánwò CompTIA A+ tí àwọn kan nínú yín ń béèrè, méjì ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san án. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ gba ọmọ tó mọṣẹ́, kí ẹ san owó ìdánwò fún un.

Èyí tó burú jù ni ìwé tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá wá. Ẹni tí ẹ bá gbà nítorí ìwé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá a wí nígbà tó bá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní páásíwọ̀ọ̀dù? Òun sì ni gbogbo ímeèlì yín wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wá sídìí iṣẹ́ yìí ńkọ́? Ẹ yé bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbé bátìrì inverter, ẹ sì yé bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa lọ́kọ. Ẹ kì í bi ọkùnrin.

Mo mọ̀ pé owó kò pọ̀. Owó oṣù CONRAISS, ìlànà tí ìjọba fi ń sanwó òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí, kì í ṣe èyí tí olùdarí kan lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ẹ̀bùn owó ìwádìí láti òkè òkun sì ní ọjọ́ tó máa tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́ bá béèrè iye tí ẹ máa san, ẹ má sọ fún un mọ́ pé iṣẹ́ ìsìn sí aráyé ni. Ìyá onílé rẹ̀ kò gba iṣẹ́ ìsìn. Àwọn bàbá wa ló ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àwọn tó sọ ọ́ kò sì kórìíra ìhìnrere. Ibi tí ọwọ́ yín ti lè dé ni ìgbà tí ẹ bá ń kọ̀wé béèrè owó ìwádìí. Ẹ ń ka owó epo mọ́tò sí i, ẹ ń ka owó ajílẹ̀ sí i, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kì í gbẹ́yìn. Ẹ ka owó ẹni tí yóò tọ́jú dátà náà sí i, kó sì jẹ́ fún gbogbo ọdún tí iṣẹ́ náà máa gbà. Àdéhùn oṣù mẹ́fà mẹ́fà tí ẹ ń fún wọn ló ń lé wọn lọ. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí ti jápa, Kánádà ló wà. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó máa kà, torí ẹnikẹ́ni kò fún ẹni tó lọ láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé ẹ máa ka lẹ́tà yìí. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ yín, ẹ yé kọ pé ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ìtàn nǹkan kan tó bàjẹ́ tí ẹ tún ṣe: ta ló ni ín, kí ni ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ni ẹ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti dára. Bó jẹ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, tàbí fóònù onígaàrí àdúgbò, ó tó nǹkan tí èèyàn ń kọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ wá iṣẹ́ ìwádìí kan tí ilé náà ti ṣe, kí ẹ kà á títí yóò fi yé yín. Ẹ béèrè owó oṣù láìtijú.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nínú ìpolówó yín tó ń bọ̀, ẹ kọ iye owó oṣù sí i, ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò, ẹ jẹ́ kí HND àti oyè yunifásítì jọ dọ́gba. Ẹ fi iṣẹ́ dán wọn wò, kí olùwádìí tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì yan ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó kù, kí wọ́n má máa fi ọ̀pọ̀ oṣù retí ìpè tí kò ní í wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ICT kan, Ìbàdàn